ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ìlà Ìríran ní Pápá Ìṣeré Ńlá

Ìlà ìríran ni ìlà tààrà tí a lè fà láti ojú òǹwòran dé orí pápá. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ní pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìbáà ṣe ti iléèwé ní Ìkìrun onílé obì, ní Ìníṣà tàbí ní Òkukù, àtàgbà àtọmọdé tí ó bá wà lẹ́yìn, ìpàkọ́ ẹni iwájú ni yóò máa wò. Ìdí nìyí tí a fi ń to ìjókòó sórí àtẹ̀gùn kọnkéré, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Pápá Ìṣeré Liberty tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, èyí tí ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí.

Àpẹẹrẹ: Ojú ẹni iwájú fi mítà 2 ga ju etí pápá lọ, ó sì fi mítà 9.2 jìnnà sí i. Ẹni ẹ̀yìn fi mítà 0.8 jìnnà sí ẹni iwájú, ó sì fi mítà 0.3 ga jù ú lọ.

Gíga ìlà ìríran ẹni ẹ̀yìn níbi tí ẹni iwájú wà: 2.3 × 9.2 ÷ 10 = mítà 2.116
Àlàfo láàrin ìlà yìí àti ojú ẹni iwájú: 2.116 − 2 = mítà 0.116, èyí ni sẹ̀ǹtímítà 11.6

Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 9 tó. 12 ni ó dára jù.

Rántí: bí ìjókòó ti ń jìnnà sí pápá, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ga ju ti iwájú rẹ̀ lọ, kí àlàfo yìí má baà dín kù.