Aago Ìgboro: Gbígbé àti Fàájì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Bí ẹnìkan bá sọ ní Èkó pé òun ń lọ ṣe fàájì, Lẹ́kkí tàbí Victoria Island ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò pé ó ń lọ. Wọn kì í ronú kan Ìkòròdú. Wọn kì í sì dárúkọ Ẹ̀pẹ́ àfi bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹja. Èyí kò tọ́ lójú mi. Ìlú méjèèjì ní oúnjẹ, wọ́n ní ọ̀sà, wọ́n ní ọjà, wọ́n sì ní ọdún ìbílẹ̀ tí kò sí iye owó tí àdúgbò tuntun kan lè fi rà á.

Àmọ́ ìgboro ní aago tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ aago náà ni yóò jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa bá ìlú fà á láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ wa nìyẹn.

Ọjà àti omi ló sọ ìlú méjèèjì di ìlú ńlá. Àwọn ará Rẹ́mọ ló tẹ Ìkòròdú dó, ibẹ̀ sì di ojú ọ̀nà tí ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń gbà dé Èkó. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò yìí ló mú kí àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, títí Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi kó sójà wá lé wọn lọ ní ọdún 1865. Ní ti Ẹ̀pẹ́, àwọn Ìjẹ̀bú ti wà níbẹ̀ kí Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó, tó dé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi ba Èkó jẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ wá fi ṣe ilé. Ọdún 1862 ni ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó bá a wá ti di onílé ní Ẹ̀pẹ́. Títí dòní, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó Ẹ̀pẹ́ náà sì wà. Ìlú tó ti ń gba àlejò láti ìgbà náà mọ bí a ti í ṣe é.

Ohun kan ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tó ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú lé ní 535,000. Ti Ẹ̀pẹ́ lé díẹ̀ ní 181,000. Láti ìgbà náà, èrò ti pọ̀ sí i ní ìlú méjèèjì, ó sì hàn kedere. Ìkòròdú kún, ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ kì í kúrò lójú títì. Ẹ̀pẹ́ láyè, ó sì máa ń tètè dákẹ́ lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìkòròdú. Ìdájí ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Ìkòròdú ló ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní Yábàá, tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Owó ilé tó dínkù ló gbé wọn wá, oorun ni wọ́n sì fi ń dí i. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, iná á ti máa tàn ní Agric, ní Ògólóńtò, ní Ọ̀wútù àti ní Igbógbó. Ìyá alákàrà á ti gbé epo kaná. Kọ́ńdọ́ á ti máa ké pe “Mile 12! Kétu! Òjótà!” Ẹni tó bá jáde kí aago márùn-ún tó lù á dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Ẹni tó bá dúró di aago mẹ́fà ààbọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 á gbà á lálejò.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ìjọba ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé Ìkòròdú. Ọ̀nà yìí gùn tó bíi kìlómítà 13, ti bọ́ọ̀sì nìkan sì ni. Káàdì Cowry ni a fi ń san owó ọkọ̀ rẹ̀, nítorí náà, fi owó sí káàdì rẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, má ṣe dúró di ìgbà tí èrò bá ti tò. Ọ̀nà omi náà wà láti Ìpákòdó lọ sí Èkó. Ọkọ̀ ojú omi yá, kò sì sí sún-kẹrẹ lójú ọ̀sà. Wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí, kí o sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Bí atukọ̀ bá sọ pé kò pọn dandan, sọ̀kalẹ̀. Ìjọba kò fọwọ́ sí ìrìn àjò alẹ́ lórí omi, nítorí náà tètè padà.

Aago kejì Ìkòròdú ń lù ní ìrọ̀lẹ́, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn tó jáde nídàájí á máa dé. Àdúgbò Sábó á kún. Ẹlẹ́ran sùúyà á fẹ́ná. Oníbọ̀ọ̀lì á máa yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà lórí ayanran. Àwọn tó ń ta bàtà, ẹ̀rọ fóònù àti aṣọ òkìrìkà á tẹ́ ọjà wọn sílẹ̀. Ẹni tó ń fi POS sanwó fún èrò á gbé agbòòrùn rẹ̀ síbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ Ìkòròdú kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú mọ́tò wò ó. Kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó kí ènìyàn. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, màmá” máa ń mú kí iye ọjà wálẹ̀ ju kí a máa jiyàn lọ.

Kí ẹni tó fẹ́ mọ Ìkòròdú sì jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n á rin ewùrà náà, wọ́n á máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ti ní epo pupa, ata, edé àti ẹja. Wọ́n kì í rò ó kúnná. Èyí tó dára máa ń ní kókó tó rọ̀, tí ẹnu lè mọ̀ lára, tí ẹja yóò sì fara hàn láàárín rẹ̀. Oúnjẹ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni, Ìkòròdú sì mọ̀ ọ́n sè. Lọ sí bùkà tí àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń jẹun lọ́sàn-án, nítorí oúnjẹ ibẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tán, kì í sì í kan.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n á san owó díẹ̀, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ńṣì, ariwo á sì gba gbogbo àdúgbò bí ayò bá wọlé. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ikorodu City gòkè dé ìpele tó ga jù lọ nínú líìgì Nàìjíríà, àwọn ará ìlú sì ní ẹgbẹ́ tiwọn tí wọ́n lè fi yangàn.

Mo tún fẹ́ dárúkọ àwọn ọmọ tí a ń pè ní Ikorodu Bois. Wọ́n máa ń ṣe àwòkọ fídíò orin àti fíìmù òkèèrè. Ojú títì àdúgbò wọn ni wọ́n fi ṣe pápá ìṣeré, wọ́n sì ń lo kẹ̀kẹ́ akẹ́rù àti ohun èlò inú ilé. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Netflix rí iṣẹ́ wọn, ó sì fi ohun èlò ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Ojú títì kan náà tí ọ̀pọ̀ ń kégbe pé ó ti kún jù ni àwọn ọmọ yìí fi gba orúkọ káàkiri ayé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ariwo, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín aládùúgbò. Ilé ọtí á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta. Ilé ìjọsìn á ṣe ìsọjí mọ́jú. Olóde á ta àgọ́ sí ojú pópó, olórin á sì máa kọrin di òru. Ìnáwó dára, ẹ̀sìn dára, ọtí tutù dára fún ẹni tó bá ń mu ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jí ní aago mẹ́rin wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ìyá ọlọ́mọ tuntun wà níbẹ̀, aláìsàn náà sì wà níbẹ̀. Èmi gbà pé orin tó bá kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ ní àdúgbò tí ènìyàn ń sùn ti di ìwà ìrẹ́jẹ, ìbáà jẹ́ fújì, ìbáà jẹ́ orin ìyìn.

Kọ́kọ́ lọ bá olóde fúnra rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù díẹ̀, àwọn ọmọ ń sùn.” Bí kò bá gbọ́, lọ bá alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí a ń pè ní CDA. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ibẹ̀, LASEPA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní agbára láti ti ilé tó ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ pa. Ilé ọtí àti ilé ìjọsìn ni wọ́n ti tì pa rí. Bí ìwọ náà bá fẹ́ ti ojú pópó nítorí ìnáwó, gba àṣẹ kí ọjọ́ náà tó dé, kí o sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Aago mìíràn wà tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìkòròdú ń ṣe Orò, obìnrin kì í sì í jáde ní àkókò tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún un. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Onílé tó gba obìnrin sí ilé rẹ̀ láì sọ èyí fún un kò ṣe dáadáa rárá. Ó yẹ kí ó sọ ọ́ ní ọjọ́ tó gba owó ilé, kí ó sì tún rán an létí nígbà tí ọjọ́ náà bá súnmọ́, kí obìnrin náà lè ra oúnjẹ, kí ó sì gba àyè lẹ́nu iṣẹ́.

Láti Ìkòròdú, ọ̀nà kan gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó lè gba ọ̀nà Lẹ́kkí. Bí o kò bá mọ ibi tí o máa sọ̀kalẹ̀, bi ẹni tó jókòó tì ọ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ní Ẹ̀pẹ́, òwúrọ̀ ni ìgboro dùn jù, ọjà ẹja Olúwo sì ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ọjà yìí wà lára àwọn ọjà ẹja tó tóbi jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Àrọ̀ ń jà nínú ọpọ́n. Òbokún ń dán. Ẹpìyà, edé àti ẹja gbígbẹ wà lórí àtẹ. Má ṣe sanwó iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Èló ni òbokún yìí?”

Ìyá ẹlẹ́ja á pe iye kan.

“Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ di oníbàárà yín.”

“Ọmọ mi, mú owó wá. Ṣé kí n bá ọ gé e?”

Ojú ẹja ni kí o wò. Bí ó bá mọ́ kedere, tí inú ìjàgbá rẹ̀ sì pupa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Bí ojú bá ti ṣú, tí ara sì ń wọlé bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀. Gbé kúlà tó ní yìnyín dání bí ọ̀nà rẹ bá jìn. Wọ́n ń ta ẹran ìgbẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n má ṣe ra akika, ẹranko tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ẹ̀rù bá bà á. Òfin Nàìjíríà dáàbò bò ó, ó sì ń tán lọ nínú igbó.

Lọ́sàn-án, àwọn tó se ẹja á gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀bà tàbí fùfú. Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń rìn lọ sí etí ọ̀sà, wọ́n á jókòó gba atẹ́gùn. Ìjáde yìí kò ní ọ̀pọ̀ iná, kò sì gba owó púpọ̀. Tọkọtaya àti ọmọ wọn lè ṣe é.

Bí o bá fẹ́ rí Ẹ̀pẹ́ nígbà tó bá gbóná, wá ní ọjọ́ ọdún. Àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá láti rántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ní ọdún Òkósì, níbi tí ọkọ̀ ọlọ́ṣọ̀ọ́ ti ń dá bírà lójú omi. Ní àkókò yẹn, àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà lẹ́yìn odi á padà wálé. Yàrá ilé àlejò á ṣọ̀wọ́n, nítorí náà tètè gba tìrẹ.

Ìpadàbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í rò kí wọ́n tó jáde. Ọ̀kadà ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba ti fòfin dè é ní Kósọ̀fẹ́, níbi tí Mile 12 àti Kétu wà. Má ṣe gùn ún kọjá ibi tí òfin gbà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló sì ń ti géètì wọn lóru. Bèèrè wákàtí tí wọ́n ń ti tìrẹ, kí o sì jẹ́ kí ọlọ́dẹ mọ ojú rẹ.

Nísinsìnyí, mú bírò àti ìwé. Kọ orúkọ òpópónà rẹ, nọ́ńbà ilé rẹ, àti ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ọ jù. Kọ nọ́ńbà alága CDA yín. Lẹ́yìn náà, kọ 112 àti 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tàbí bí olè bá wọlé, pe ọ̀kan nínú wọn. Wọn kì í gba owó ìpè. Ka ohun tí o kọ sókè fún àwọn ará ilé rẹ, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.