Kámẹ́rà Lórí Máíkírósíkóòpù: Ẹ Wọ̀n Kí Ẹ Tó Ra

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Ògùn. Máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo ló ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní láàbù wa, irú èyí tí a ń gbé ojú méjèèjì lé, tó ń lo iná LED. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lé ní àádọ́ta. Kí ìdajì wọn tó fojú kan sẹ́ẹ̀lì awọ àlùbọ́sà, agogo á ti lù, àwọn tó kù á sì lọ ya èyí tó wà nínú ìwé. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá owó díẹ̀ jọ kí n fi ra kámẹ́rà tí yóò gbé àwòrán náà sórí pirojẹ́kítọ̀. Ẹnì kan tó ń tà á ní kí n ra oní-mẹ́gápíksẹ́lì 16, pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ń mọ́ tó. Iye tó pè é ju owó ọwọ́ wa lọ. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́, Òkè-Ògùn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kò nílò mẹ́gápíksẹ́lì 16. Ẹ fi fóònù tó wà lọ́wọ́ yín bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá wá fẹ́ ra kámẹ́rà, èyí tó ní USB, tó jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 5, tó sì ń wọ ihò awò òkè, ti tó yín. Ibi tí kámẹ́rà àti máíkírósíkóòpù ti pàdé ló yẹ kí owó yín lọ, torí ibẹ̀ ni àwòrán ti ń dára tàbí bàjẹ́. Awò òkè ni mo ń pe èyí tí a ń gbé ojú lé, awò ìsàlẹ̀ sì ni èyí tó dojú kọ síláìdì.

Ẹ kọ́kọ́ lo fóònù

Ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde láti inú awò òkè máa ń fún pọ̀ di àmì kékeré roboto kan ní òkè awò náà, kó tó tún fẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ẹyinjú wa máa ń wà nígbà tí a bá ń wo nǹkan, ibẹ̀ náà ló yẹ kí ojú kámẹ́rà fóònù wà. Láti mọ ibẹ̀, ẹ tan iná máíkírósíkóòpù, kí ẹ di bébà funfun mú lókè awò òkè, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àmì ìmọ́lẹ̀ náà ti kéré jù, tí etí rẹ̀ sì hàn kedere, ni ẹ ń wá. Lórí ọ̀pọ̀ awò 10×, ibẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ga ju awò náà lọ. Lórí èyí tí wọ́n ya àwòrán gíláàsì ojú sí lára, ó lè tó méjì, torí wọ́n ṣe é kí ẹni tó ń lo gíláàsì lè máa wò ó láìbọ́ ọ.

Ọwọ́ kò lè di fóònù mú síbẹ̀ pẹ́. Ẹ wá ègé páìpù PVC tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, èyí tí inú rẹ̀ lè gba orí awò òkè. Ẹ gé e kí gíga rẹ̀ bá ibi tí ẹ rí yẹn mu, ẹ fi téèpù dúdú wé inú rẹ̀ kó lè fún mọ́ awò náà dáadáa. Ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ihò páìpù náà ṣe déédéé pẹ̀lú ojú kámẹ́rà. Bí fóònù yín bá ní ojú kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó jẹ́ olórí ni kí ẹ lò. Ẹ fa àwòrán náà tóbi díẹ̀ kí òkùnkùn tó yí i ká lè kúrò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá tẹ àwòrán náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò dúró lórí bó ṣe mọ́ yẹn, kò ní máa yí padà. Ẹ lo aago ìdádúró nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, kí ìka yín má baà mì í.

Bí pirojẹ́kítọ̀ tàbí tẹlifíṣọ̀n yín bá ń gba àwòrán fóònù láti orí Wi-Fi, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fóònù yín kò ní sí lọ́wọ́ yín títí ẹ̀kọ́ á fi parí, ìpè kan ṣoṣo sì lè da àwòrán rú.

Bí ẹ bá fẹ́ ra kámẹ́rà

Ẹ yọ awò òkè kan jáde, kí ẹ lọ yá fáníà ní láàbù físíìsì, kí ẹ fi wọn ìbú ọ̀pá rẹ̀ tó ń wọnú ihò. Lórí ọ̀pọ̀ máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́, mìlímítà 23.2 ni. Àwọn mìíràn, pàápàá irú èyí tí a fi ń wo odidi kòkòrò, máa ń jẹ́ 30 tàbí 30.5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kámẹ́rà tó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń yí bí ìdérí ìgò, tí wọ́n ń pè ní C-mount, kò lè wọ ihò yìí fúnra rẹ̀. Ẹnu tirẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 25.4, ó sì nílò adáptà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń tà lọ́tọ̀. Ẹ rí i dájú pé adáptà náà wà nínú owó tí wọ́n pè fún yín.

Ohun kejì ni bí ibi tí kámẹ́rà lè rí ṣe gbòòrò tó. Àwòrán tí awò ìsàlẹ̀ gbé sínú ọ̀pá tí ojú wa ń rí sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 18. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà tí wọ́n kọ 1/2 sí lára kò ju mìlímítà 6.4 sí 4.8 lọ. Bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, àárín gbùngbùn nìkan ni yóò rí, àwọn ọmọ yóò sì máa wá ohun tí ẹ̀yin ń fi ojú yín rí. Ohun tó ń yanjú èyí ni awò kékeré 0.5× tó máa ń wà lẹ́nu kámẹ́rà tàbí nínú adáptà. Òun ló ń dín àwòrán náà kù sí ìdajì, tí sẹ́ńsọ̀ yẹn fi lè gba ibi tó fẹ̀ tó mìlímítà 12.8 sí 9.6.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gápíksẹ́lì

Ní 1873, Ernst Abbe, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pààlà fún ohun tí máíkírósíkóòpù lè rí. Ẹ wo ara awò ìsàlẹ̀ 40× yín, ẹ ó rí 0.65 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 40 náà. Ẹ sọ 0.65 di ìlọ́po méjì, ó di 1.3. Ẹ fi pín gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, máíkírọ́ọ̀nù 0.55, yóò fún yín ní nǹkan bíi 0.42. Àmì méjì tó bá sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, awò yín yóò pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, kámẹ́rà kankan kò sì lè rí ohun tí awò kò fi ránṣẹ́ sí i.

Píksẹ́lì méjì fún máíkírọ́ọ̀nù 0.42 kọ̀ọ̀kan ti tó láti gba gbogbo ohun tí awò náà rí. Bí a bá fi èyí ṣírò ibi tí sẹ́ńsọ̀ 1/2 àti awò 0.5× lè rí, awò 40× kò béèrè ju mẹ́gápíksẹ́lì 2 lọ. Awò 100× tí wọ́n kọ 1.25 sí lára ń fẹ́ bíi 1 péré. Àwọn tí agbára wọn kéré, 4× oní-0.10 àti 10× oní-0.25, ló ń fẹ́ jù, bíi 4 ni tiwọn náà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: mẹ́gápíksẹ́lì 5 ti kárí gbogbo awò tó wà lórí máíkírósíkóòpù yín. Pirojẹ́kítọ̀ tó ń gbé 1920 sí 1080 jáde gan-an kò ju bíi mẹ́gápíksẹ́lì 2 lọ. Kámẹ́rà oní-16 tó ń gba okùn USB 2.0 sì máa ń falẹ̀ bí ẹ bá ní kó gbé gbogbo píksẹ́lì rẹ̀ jáde, débi pé ẹ ó ti sún síláìdì kí àwòrán tó tẹ̀ lé e.

Kámẹ́rà ńlá àwọn ayàwòrán wúwo jù fún ọ̀pá yẹn, adáptà rẹ̀ sì wọ́n. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n lè dán kámẹ́rà Raspberry Pi tó jáde ní 2020 wò. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ C-mount, ṣùgbọ́n ó nílò kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe tò ó

Ojú méjì tí máíkírósíkóòpù yín ní jẹ́ àǹfààní. Ọ̀kan nínú ọ̀pá méjèèjì sábà máa ń ní òrùka tí a ń yí. Ẹ fi kámẹ́rà sínú èyí tí kò ní in. Ẹ yí máíkírósíkóòpù títí àwòrán á fi mọ́ lójú pirojẹ́kítọ̀, kí ẹ wá gbé ojú lé ọ̀pá kejì, kí ẹ yí òrùka rẹ̀ títí á fi mọ́ fún ẹ̀yin náà. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ẹ bá rí ni kíláàsì ń rí.

Ẹ má fi ihò ìmọ́lẹ̀ abẹ́ pèpéle dín iná kù. Kókó tí a fi ń dín LED kù wà fún ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ihò náà ṣí tó bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ sì pa á dé díẹ̀ sí i bí ohun tí ẹ ń wò kò bá ní àwọ̀. Ẹ sún síláìdì sí ibi tó ṣófo, kí ẹ tẹ White Balance nínú ètò kámẹ́rà, kí funfun lè jẹ́ funfun. Bí ìlà dúdú bá ń rìn kọjá lójú àwòrán, ẹ yan 50 Hz nínú ètò náà. Bí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí LED tàn dáadáa, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù láti inú ètò kámẹ́rà. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n lábẹ́ awò 40×, ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ó lè jẹ́ òun ló ń mi ilẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí, ẹ yí kámẹ́rà nínú ihò rẹ̀. Ìdọ̀tí tó bá dúró sójú kan náà lójú pirojẹ́kítọ̀ nígbà tí gbogbo àwòrán ń yí, ara kámẹ́rà ló wà. Èyí tó bá ń rìn nígbà tí ẹ sún síláìdì, orí síláìdì ló wà.

Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra síláìdì ìwọ̀n, èyí tí wọ́n pín mìlímítà kan sí 100 lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ awò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sínú ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, kí ẹ fi Set Scale sọ iye máíkírọ́ọ̀nù tí píksẹ́lì kan jẹ́ fún un. Àwọn ọmọ yóò lè fúnra wọn wọn gígùn sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè mẹ́ta: mìlímítà mélòó ni ọ̀pá tó ń wọ ihò? Ṣé awò 0.5× wà nínú rẹ̀? Ṣé UVC ni, tí kọ̀ǹpútà á fi mọ̀ ọ́n láìfi ètò mìíràn sí i? Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má fún un ní owó àwọn òbí.