Awọ Ara Lítíọ́ọ̀mù àti Ìṣòro Bátìrì Onírin Lítíọ́ọ̀mù

Nínú gbogbo irin, lítíọ́ọ̀mù ni ó fúyẹ́ jù lọ. Gíráàmù kan rẹ̀ lè gba iná tí ó tó 3,860 mílíáńpíà-wákàtí, bẹ́ẹ̀ ni gíráfáìtì inú bátìrì fóònù, irú èyí tí ó wà nínú pẹ́ńsùlù, kò gbà ju 372 lọ. Kí ni ó wá dé tí irin náà kò fi sí nínú fóònù?

Ní àwọn ọdún 1970, Stanley Whittingham fi irin lítíọ́ọ̀mù ṣe bátìrì ní ilé iṣẹ́ Exxon ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì rẹ̀, lítíọ́ọ̀mù kì í tẹ́ pẹrẹsẹ padà sí ààyè rẹ̀. Ńṣe ni ó ń yọ ẹ̀ka ṣóńṣó-ṣóńṣó tí ó lè lu ohun tí ó la ojú méjèèjì bátìrì láàárín. Bí ojú méjèèjì bá ti kanra, iná lè sọ. Ní 1991, Sony gbé bátìrì tí ó fi káábọ́ọ̀nù rọ́pò irin yìí wá sí ọjà.

Orí awọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí lítíọ́ọ̀mù bá ti kan èròjà olómi inú bátìrì (kì í ṣe omi gidi, nítorí lítíọ́ọ̀mù àti omi kì í gbé ilé kan), awọ tín-ín-rín a bò ó. Emanuel Peled ṣàlàyé awọ yìí ní 1979. Olùkọ́ tí ó bá pè é ní ìpẹtà ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: ìpẹtà ń jẹ irin lọ ni, ṣùgbọ́n awọ yìí ń dáàbò bò ó. Àbùkù rẹ̀ ni pé irin náà ń wú, ó sì ń fọn. Awọ ń ya, òmíràn ń bò ó, lítíọ́ọ̀mù sì ń ṣòfò. Bí 99 bá ń padà nínú 100 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn 100 ìgbà, nǹkan bí 37 ni yóò ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ 99.9, yóò tó 1,000 ìgbà kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ ń lé kiri.

Àwọn kan ń fi lítíọ́ọ̀mù náítíréètì tàbí èròjà onífúlórínì sí i kí awọ náà lè yi. Àwọn mìíràn ń mú kí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n tẹ bátìrì náà mọ́lẹ̀ pinpin. Àwọn kan tilẹ̀ fi èròjà líle bí àwo tánganran rọ́pò olómi pátápátá, èrò wọn ni pé ẹ̀ka náà kò ní lè kọjá. Ó ń kọjá síbẹ̀, láti inú sísán wẹ́wẹ́ tí ojú kò tó.