Ẹ Mọ Ẹsẹ̀ Tí Ẹ̀yìn IC Bá Tan

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún ámúpù ṣe ní Ìsàlẹ̀ Gángan, irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn IC kì í ṣe ọ̀nà ooru nìkan. Iná wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má de IC kankan mọ́ hítsíǹkì kí ẹ tó mọ ẹsẹ̀ tí irin yẹn bá tan.

Ẹ wo TDA2030, tí ọ̀pọ̀ yín fi kọ́ṣẹ́. Ẹsẹ̀ kẹta ni irin ẹ̀yìn rẹ̀ so mọ́ nínú, ẹsẹ̀ kẹta yìí ló sì ń gba nẹ́gẹ́tíìfù. Bó bá jẹ́ bátìrì 12V lẹ fi gbé e, nẹ́gẹ́tíìfù yẹn náà ni ẹ́ẹ̀tì, ẹ lè dè é ní ìhòòhò mọ́ àpótí onírin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tránsífọ́mà tó ń mú pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù wá, tí ẹ́ẹ̀tì wà láàárín, irin kan náà ti di ìlà iná gidi. Bí hítsíǹkì bá kan àpótí, ṣọ́ọ̀tì dé. Fíúsì á lọ. Bí ẹnìkan bá sì ti fi wáyà rọ́pò fíúsì, dáyóòdù àti tránsífọ́mà ni yóò jó. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí ọmọṣẹ́ bá ní bí òun ṣe bá a nínú ámúpù mìíràn lòun ṣe dè é.

Ti TDA7294 àti LM1875 kò yàtọ̀: nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ̀yìn wọn. LM3886T ní irin lẹ́yìn bíi tiwọn, ṣùgbọ́n LM3886TF, ike ló bò ó. Ẹ̀yìn 7812 ní tirẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ni, nítorí náà kò gbọdọ̀ bá wọn dúró ní ìhòòhò lórí hítsíǹkì kan.

Ẹ fi máíkà sáàárín irin ẹ̀yìn IC àti hítsíǹkì, kí ẹ sì fi wọ́ṣà oníke sí ihò bóòtù, torí bóòtù lásán á gbé iná kọjá máíkà. Ọ̀rá funfun tí ẹ ń fi sí ẹ̀yìn IC, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi í pa á. Àlàfo ló wà láti dí, bó bá nípọn, ooru ló ń dá dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn irin ẹ̀yìn IC sí hítsíǹkì. Kò gbọdọ̀ dún.

TPA3118 ní ọ̀nà tirẹ̀. Abẹ́ ni irin rẹ̀ wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bàbà ẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, kí ihò wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ lè kó ooru lọ sí ẹ̀yìn. Áyọ́ọ̀nù kò lè débẹ̀. Ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná ni kí ẹ lò.

Òde àríyá tiwa, fújì títí di ìdájí, ámúpù nítòsí jẹnẹrétọ̀: ooru yẹn kì í ṣe kékeré. Bí inú TDA7294 bá gbóná dé 145°C, á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá tutù, á tún sọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá gbé irú ámúpù bẹ́ẹ̀ wá, kí ẹ tó sáré lọ ra IC tuntun ní Alaba, ẹ tú bóòtù, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rá ti gbẹ, tàbí bóyá hítsíǹkì kéré jù fún iṣẹ́ náà.