Sítátà Honda Bàbá Mi Ń Ké "Ká", Kò Yí

ÌBÉÈRÈ: Honda CB200 kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa. Ìfọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe tíṣà nígbà tí owó Údójì tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ jáde lọ́dún 1975, òun ni wọ́n fi rà á. Nígbà tí ìrántí ọdún kẹwàá wọn ń bọ̀, mo ní kí wọ́n fín ọ̀dà sí i látòkè délẹ̀, ó sì ń dán bíi tuntun. Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ bọ́tìnì sítátà, á kàn ké "ká!" lẹ́ẹ̀kan, kò ní yí. Bí mo bá fẹsẹ̀ tẹ kíkì, ó ń jí. Mo ra bátìrì tuntun, kò yàtọ̀. Mẹ́káníìkì àdúgbò wa ní sítátà ti jóná, kí n lọ wá òmíràn ní ọjà Ládìpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Tíṣà, Mowe

ÌDÁHÙN: Ọmọ Tíṣà, o kú ìtọ́jú ohun bàbá o. Má tíì wọ mọ́tò Ládìpọ̀. "Ká" tí o ń gbọ́ yẹn kì í ṣe ohùn sítátà. Sólẹ́nọ́ìdì ló ń ké, agolo kékeré ẹ̀gbẹ́ bátìrì tí wáyà nínípọn méjì so mọ́. Bí ó bá ti lè ké, a jẹ́ pé bọ́tìnì àti àwọn wáyà wẹ́wẹ́ ti jẹ́ iṣẹ́ tiwọn. Iná ńlá tó yẹ kó tẹ̀lé e ni kò rọ́nà.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí o sọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán: ọ̀dà. "Láti ìgbà náà" ni o kọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo nawọ́ sí.

Iná bátìrì kì í lọ kó má bọ̀. Ó ń gba orí pọ́sítífù jáde, á wọ sítátà, á wá gba ara irin ẹ́ńjìnì àti férémù padà sórí négétífù. Ọ̀nà àbọ̀ yẹn ni àwa ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bóòtù ni wọ́n fi de wáyà rẹ̀ mọ́ irin. Àwọn tó ń fín ọ̀dà kì í fi ibì kan sílẹ̀: wọ́n á tú bóòtù náà, wọ́n á fín ẹnu ihò rẹ̀, wọ́n á sì de wáyà padà sórí ọ̀dà. Iná kì í gba ọ̀dà kọjá. Ìwọ̀nba tí eyín bóòtù bá fi kan irin ni iná ń rí gbà.

Wàá ní kí ló dé tí lámpù fi ń tàn, tí họ́ọ̀nù ń dún. O mọ go-slow ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn níwájú Ìbafo. Ọ̀kadà á rí àlàfo gbà kọjá, tírélà á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iná lámpù ni ọ̀kadà. Iná tí sítátà ń jẹ ni tírélà.

Má bínú sí mẹ́káníìkì rẹ. Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún 1983, sítátà méjì ni mo ra fún oníbàárà kan kí ọmọ iṣẹ́ mi tó fi bóòtù kan tó ti dógùn-ún hàn mí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá! Owó sítátà kejì, àpò mi ló ti jáde.

Kí o tó fá ohunkóhun, jẹ́ kí máṣíìnì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Gbé e sí niútírà. Fi mítà wọn bátìrì. Tó bá kún, á ka nǹkan bíi fólítì 12.6. Lẹ́yìn náà, fi ẹnu dúdú mítà kan orí négétífù bátìrì, fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnì níbi tí kò lọ́dà, kí ẹnì kan bá ọ tẹ bọ́tìnì. Ẹ́ẹ̀tì tó mọ́ kì í fi ju ìdajì fólítì lọ hàn. Bí tìrẹ bá ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọwọ́ ti tẹ olè. Bí o kò bá ní mítà, yá wáyà jọ́ńpà, fi so orí négétífù mọ́ irin ẹ́ńjìnì. Ẹnu ti ẹ́ńjìnì ni kó o so kẹ́yìn, nítorí gáàsì ara bátìrì ń gbaná. Tẹ bọ́tìnì. Bí sítátà bá yí, o ti jẹ owó Ládìpọ̀ lérè nìyẹn.

Bí kò bá wá yí ńkọ́? Wo orí wáyà méjèèjì tó wọ sólẹ́nọ́ìdì bóyá ó ti dẹ̀ tàbí ó ti dógùn-ún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi sukudiráfà so bóòtù méjèèjì pọ̀. Iná tó ń ta níbẹ̀ nítòsí táǹkì epo ń bà mí lẹ́rù, má ṣe é. Tí èyí náà bá mọ́, rọra fi igi kan ara sítátà bí ẹlòmíràn ṣe ń tẹ bọ́tìnì. Bó bá ta jí lójijì, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ló ti jẹ tán. Kábọ́ọ̀nù nìkan là ń pààrọ̀, kì í ṣe odindi sítátà.

Ó dá mi lójú pé o kò ní débẹ̀. Tú orí négétífù kúrò lára bátìrì kọ́kọ́. Tú bóòtù ẹ́ẹ̀tì, fi sandípépà fá ojú irin náà bíi fífẹ̀ náírà onírin àtijọ́, títí irin á fi funfun. Fá ojú wáyà náà pẹ̀lú. Dè é le, kí o wá fi fasilín kùn ún lókè kí omi òjò má bàa rí i wọ̀. Má tún fín ọ̀dà síbẹ̀ o. Bó bá dùn ọ́ pé ojú ibẹ̀ kò dán mọ́, abẹ́ ìjókòó ló wà.