Àgbọ́ìgbọ́tán: Ẹ̀kọ́ Lórí Àlàyé Ìròyìn Orí Rédíò

 Ẹni tó bá kí ìrun àsùbá tán, tó gba ojú pópó Ajégúnlẹ̀ kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ ní Àpápá, yóò jẹ́rìí sí i pé ohùn rédíò ni ó máa ń sin èèyàn láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀. Ìyá alákàrà tan tirẹ̀, ẹni tó ń lẹ táyà tan tirẹ̀, awakọ̀ dánfó tó ń pe èrò Wáàfù náà ti yí tirẹ̀ sókè. Kì í ṣe orin ni wọ́n ń gbọ́. Atọ́kùn ètò kan ti kó ìwé ìròyìn ọjọ́ náà jọ síwájú, ó ń ka àkọlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń túmọ̀ wọn sí Yorùbá, ó sì ń sọ ohun tí ó rò pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá yá, àwọn olùgbọ́ yóò máa pè wọlé lórí fóònù.

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, ìyẹn nìkan ni ìwé ìròyìn tí a ní. Ìwé ìròyìn ti wọ́n. Àwọn tí wọ́n máa ń dúró ti ẹni tó ń tà á ní Boundary, tí wọ́n ń fi ojú ka àkọlé láìrà á, àwa náà wà láàrin wọn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí kò dá lórí bóyá kí a máa gbọ́ rédíò tàbí kí a má gbọ́ ọ. A ti ń gbọ́ ọ. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ ni a fẹ́ yẹ̀ wò, àti ohun tí àgbọ́ìgbọ́tán lè gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Orí Fóònù

Àwọn bàbá wa ló sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ náà bá a mu. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e wọ Èkó ní 1935, àpótí kékeré tí wọ́n fi wáyà fà wọ inú ilé ni. Ohun tí wọ́n bá ń sọ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni onílé yóò gbọ́, kò sí bí ó ṣe lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó pẹ́ kí ìyẹn tó yí padà. Òfin 38 ti ọdún 1992 ni ó kọ́kọ́ fàyè gba aládàáni láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Raypower 100.5 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Wazobia tí ń sọ Píjìn dé sí Èkó ní 2007. Traffic Radio 96.1 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà dé ní 2012. Ní ti Yorùbá, Bond FM 92.9 àti Faaji 106.5 kì í ṣe àjèjì sí etí wa, BBC náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ní èdè wa ní oṣù kejì ọdún 2018.

Ní Amẹ́ríkà, ní 2017, ìwé ìròyìn New York Times bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní The Daily, tí wọ́n fi ń tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo palẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ayé kí i káàbọ̀ bí ohun tuntun. Ẹni tó bá dàgbà sí Ajégúnlẹ̀ yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Ọjọ́ Tí Kò Sí Ẹni Tó Ṣàlàyé

Àwọn arákùnrin kan máa ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ìròyìn kì í ṣe ti ọmọlúàbí, pé kí kálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ àti ìrun rẹ̀. A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí gbiná ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Ìró náà gba ìlú kan. Àwọn kan ní àwọn ológun ló tún fẹ́ gbàjọba, àwọn kan ní ogun ti dé. Alẹ́ lẹ́, èèyàn ń sáré láìmọ ibi tí wọ́n ń sáré lọ, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn sì kó sínú kánààlì ní Òkè-Àfà, ní Ìsọlọ̀. Àwọn tó bá ọjọ́ náà lọ lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bọ́ǹbù kọ́ ló pa àwọn tó kú sómi. Wọn kò mọ ohun tó ń bú gbàù, wọn kò mọ ibi tó wà, wọn kò sì mọ ìhà ibi tí ewu kò sí. Àlàyé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọn kò rí gbà lásìkò.

Àkọlé Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Náà

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àkọlé tó gba iwájú ìwé ìròyìn ni pé ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn tó sì pa rédíò ti gbọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò lè lò ni. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kẹfà, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni ó sì mú: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá. Ajeromi-Ìfẹ́lódùn tí Ajégúnlẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò sí lára wọn. Ẹ̀yin náà sì mọ bí àdúgbò wa ṣe fara kan Àpápá tó. Ọlọ́kadà tó gbé èrò láti ilé, bí ó bá ṣèèṣì kọjá ààlà, ohun tó fi ń jẹun ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. Orúkọ mẹ́fà yẹn ni àlàyé, ẹni tó bá gbọ́ wọn pé ni ó mọ ibi tí yóò ti yí orí ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náírà ni a fẹ́ kí ẹ fọkàn bá wa lọ dáadáa, nítorí òun ni ó jẹ́ kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ní 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé wọn yóò pààrọ̀ owó N200, N500 àti N1,000. Wọ́n ní ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn 31 oṣù kìíní ọdún 2023. Nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n sún un sí 10 oṣù kejì. Owó tuntun kò tó, ẹ ò gbàgbé bí a ṣe ń tò sí ẹnu báńkì. Nígbà tó di 8 oṣù kejì, ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara gba àṣẹ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ pé kí ìjọba ṣì dá ọjọ́ 10 yẹn dúró ná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àkọlé kan náà ni gbogbo rédíò ń kà: ilé-ẹjọ́ ti dá ìjọba lọ́wọ́ kọ́. Ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀ ní ọjà Boundary.

Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa ń ta ata ní ọjà náà. Ó ti ń kọ owó àtijọ́ láti bí ọjọ́ mẹ́ta kan. Nígbà tí ó gbọ́ àkọlé yẹn, ó pa rédíò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dé. Ohun tí kò dúró gbọ́ ni pé àṣẹ onígbà díẹ̀ ni, títí wọn yóò fi pé jọ sórí ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 15. Àṣẹ kò tíì di ìdájọ́. Ní 16 oṣù náà, Ààrẹ Buhari bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀: N200 àtijọ́ nìkan ni a ó máa ná títí di 10 oṣù kẹrin, N500 àti N1,000 àtijọ́ ti kúrò lọ́jà. Owó ọjà arábìnrin wa, N500 àti N1,000 ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó kó o fún ọkùnrin kan tó ní òun lè bá a pààrọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà sì yọ iye tó wù ú kó tó fún un ní ìyókù.

Ní 3 oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ náà pé kí a máa ná gbogbo owó àtijọ́ títí di 31 oṣù kejìlá. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́jà kò gbà á, àfi ìgbà tí báńkì àpapọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní 13 oṣù náà. Nígbà tó sì di 29 oṣù kọkànlá, ilé-ẹjọ́ kan náà tún ní kí tuntun àti àtijọ́ máa bá ara wọn lọ. Bí arábìnrin wa bá ti di owó rẹ̀ mọ́ inú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kọ́bọ̀ kan kò ní sọnù nínú rẹ̀.

A kò dá a lẹ́bi. Ó gbọ́ rédíò, àkọlé ni ó gbọ́. Ẹ̀bi náà kàn wá jù ú lọ. Mẹ́ta nínú àwa tí a ń ṣe ìpàdé yìí gbọ́ ètò òwúrọ̀ ọjọ́ náà tán, níbi tí agbẹjọ́rò kan ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin àṣẹ onígbà díẹ̀ àti ìdájọ́ yékéyéké. A jọ sọ ọ́ láàrin ara wa, a jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tó rántí lọ sí Boundary lọ sọ ọ́ fún un.

Ẹnu Ta Ni?

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ìjọba ológun lè má mọ bí ìròyìn ṣe ṣọ̀wọ́n nígbà kan. Ní 1994, wọ́n ti ilé iṣẹ́ Punch, Concord àti Guardian pa. Ní 1996, àwọn tó ń bá ìjọba Abacha jà láti òkè òkun dá rédíò kan sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Alhaja Kudirat Abíọ́lá pè é, ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní 4 oṣù kẹfà ọdún náà. Radio Kudirat ni. Ìkọ̀kọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé alátakò ìjọba ló ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò ìjọba ṣe mọ̀ pé ìjọba ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á wá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n.

Ti òde òní le díẹ̀, nítorí ẹnu kan náà ló ń ka ìròyìn, tó ń ṣàlàyé rẹ̀, tó tún ń bínú sí i. Ohun tí àwa ti ń kọ́ etí wa ni pé, bí atọ́kùn bá ní "ìwé ìròyìn báyìí sọ pé", ti ìwé ìròyìn ni. Bí ó bá ní "lójú tèmi", tirẹ̀ ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣépè, a ó dín ohùn rédíò kù. Ti àlejò àti ẹni tó pè wọlé ni kí a ṣọ́ra fún jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, NBC bu ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún Nigeria Info 99.3 ní Èkó nítorí ọ̀rọ̀ tí Obadiah Mailafia sọ níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé NBC kì í ṣe ilé-ẹjọ́, kò sì láṣẹ àti máa bu ìtanràn. Ní tiwa, a rò pé ìtanràn kì í kọ́ olùgbọ́ ní nǹkan kan. Ìbéèrè tó ń kọ́ni ni "Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò sí ẹni tó bèèrè ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ebola ti wọ Èkó ní 20 oṣù keje. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún láti ilé dé ilé pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń jí ìyá. Ó kéré tán, ènìyàn méjì kú nínú omi iyọ̀ yẹn, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Àwọn tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kò ní ibi lọ́kàn, ìfẹ́ ló mú wọn. Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ 6, ti pa á láṣẹ fún wa pé kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀, àwa kan sì wà tí a mọ ẹsẹ náà sórí tí a ṣì gbé iyọ̀ sínú omi lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn dókítà wá sórí rédíò, ní Yorùbá, láti ṣàlàyé bí àrùn náà ṣe ń ràn. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, nípa àwọn aládùúgbò wa. Ìjọ, Urhobo, Ìgbò, Hausa àti Ìlàjẹ ni a jọ ń gbé àgbàlá kan ní Ajégúnlẹ̀. Ní 1999, ìjà bẹ́ láàrin Yorùbá àti Ìjọ níbí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí a bá gbọ́ àlàyé ní Yorùbá lówùúrọ̀, ẹ jẹ́ kí a bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ tirẹ̀ ní Píjìn bóyá ohun kan náà ni wọ́n sọ fún un.

Iṣẹ́ Àṣetiléwá

Fún ọjọ́ méje, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́ ètò àlàyé ìròyìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó mú ọ̀rọ̀ kan tó kan Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀, kí ó kọ àkọlé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ ohun tí àlàyé fi kún un, ẹni tó sọ ọ́, àti ibi tí onítọ̀hún ní òun ti rí i. Ẹni tí kò bá rí nǹkan mú lè wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù: ètò tí wọ́n fi ń pè wọ́n wọ èbúté láti 27 oṣù kejì ọdún 2021, tí wọ́n tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ ní Ètò. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ẹnì kan tí kò gbọ́, pàápàá àwọn arábìnrin tí iṣẹ́ ilé kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó ti rédíò lówùúrọ̀, kí ó sọ ọ́ fún un, kí ó sì jẹ́ kí onítọ̀hún sọ ọ́ padà.

Ẹ mú ìwé kékeré àti bíírò dání wá sí ìpàdé. Arábìnrin tó ń ta ata ti gbà láti wá, òun ni yóò sì kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè.