Epo Pupa: Láti Ẹsẹ̀ Ọ̀pẹ Dé Inú Ìkòkò Ọbẹ̀

 Àwọn kan a máa wí pé epo pupa ń ba ọkàn jẹ́. Àwọn mìíràn a ní oògùn ni. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà tán nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ohun tí epo yóò ṣe nínú ara wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fún un àti ẹni tí ó gbé e kaná, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ilé yín ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ohun tí ó mú epo pọ́n ni a ń pè ní kárótìn. Nínú kílò kan epo tí a fún dáradára, kárótìn tó ìdajì gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara wa ni ó ń sọ ọ́ di fítámì A, èyí tí ojú fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ọmọdé sì fi ń ní agbára láti kojú àrùn. Ọmọ tí kò rí i jẹ tó a máa fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá sì pẹ́ jù, ojú náà lè fọ́ pátápátá.

Ẹ wá wo ohun tí a ń ṣe ní ilé ìdáná. A gbé epo kaná, a dé e, a sì fi í sílẹ̀ títí èéfín fi ń rú, tí pupa rẹ̀ sì parẹ́, kí a tó da ata sí i. Pupa tí ó parẹ́ yẹn ni kárótìn. Èéfín náà sì ń ta ojú, ó ń fún alásè ní ikọ́. A kò lè bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ayámáṣe, adùn rẹ̀ ju ìjà lọ. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ọbẹ̀ ọjọ́ ọdún. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ da ata sí epo ní kété tí ó bá gbóná. Oúnjẹ ọmọdé ni ó sàn jù láti fi epo tútù sí: ṣíbí kékeré kan lórí ẹ̀wà tàbí iṣu, nígbà tí a bá ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín àkàrà tà, ẹ máa sẹ́ èérún kúrò nínú epo. Epo tí ó bá ti dúdú, tí ó ki, tí ó ń hó ìfófó, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe bu tuntun lé e lórí, nítorí èyí tí ó ti bàjẹ́ ni yóò ba tuntun jẹ́.

Ṣùgbọ́n inú oko ni ọ̀pọ̀ epo ti ń bàjẹ́ kí ó tó rí iná ọbẹ̀. Ohun kan wà nínú ara ẹyìn tí í máa tú epo ká ní kété tí ẹyìn bá ti fara gbọgbẹ́. Bí a bá kó ìdì ẹyìn jọ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó lè rọrùn láti já, ìkan epo á máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ooru iná nìkan ni ó ń pa nǹkan yìí. Nítorí náà, ọjọ́ tí akọpẹ bá kọ ẹyìn tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni kí ẹ já a, kí ẹ sì sè é títí yóò fi rọ̀. Nígbà tí ẹ bá fún epo tán, ẹ gbé e sórí iná wẹ́rẹ́ kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì mímọ́ tí ó gbẹ. Ẹ má rọ ọ́ sínú agolo tí ó ti dípẹtà, ẹ má sì gbé e sí oòrùn.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba ń san owó tí ó ga jù fún epo tí ìkan rẹ̀ kò ju 4.5 nínú 100 lọ, láàárín ọdún díẹ̀ ni irú epo yìí di èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo tí Nàìjíríà ń tà sí òkè òkun. Àgbẹ̀ tí ó ń fún epo díẹ̀díẹ̀ wà nínú àwọn tí ó ṣe é.

Epo tí ó ti ṣá ni àwọn oníjìbìtì kan ń fi aró Sudan IV pa láró. Aró ilé iṣẹ́ ni èyí. A kò fọwọ́ sí i fún oúnjẹ, nítorí ìfura pé ó lè fa jẹjẹrẹ, NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń fi àmì tirẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì epo tí ó mọ orísun rẹ̀ yóò rí oníbàárà ní ọjà Odò-Orí ní Ìwó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkàn. Ẹ ti rí bí epo ti ń dì ní àkókò ọyẹ́: nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá líle, irú èyí tí àpọ̀jù rẹ̀ ń fi ọ̀rá kún ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá líle má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́ lọ. Fún ẹni tí ó ń jẹ 2,000 kálórì, èyí jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 22. Ṣíbí ìjẹun ńlá méjì epo pupa ti gba nǹkan bí 13 nínú rẹ̀, láìka ẹran. Àgbàlagbà tí ó bá ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa fi òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ṣíbí ni kí ẹ máa fi wọn epo sí ìkòkò. Ẹ má máa dà á láti ẹnu ìgò.